Àwìn Aluva

Alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Ẹrẹ́nà,
Erode ń gbóná bí ààrò tí wọ́n gbàgbé iná sí.
Bàbá mi jókòó láàárín àwọn àpò atalẹ̀ pupa.
Ogójì ọdún ni ọwọ́ rẹ̀ ti gba àwọ̀ wọn,
ọṣẹ kan ò sì tíì rí i yọ.
Ìwé ńlá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó ṣí i sójú ewé Ouseph, ó ń wò ó.

"Ẹ kọ ọ́," ni mo wí.
"Kí n kọ kí ni?"
"Pé gbèsè náà ti kú."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó gbẹ́ sàréè fún alààyè.

Ogún ọ̀kẹ́ rúpì.
Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kó ọjà náà lọ sí Aluva lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.
Òjò ń rọ̀, Ouseph dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìlọta rẹ̀,
ó ní, "Nallamuthu, bó bá di àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀, màá san."
Àjọ̀dún dé, ó lọ.
Ó tún dé, ó tún lọ.
Ẹ̀rọ ìlọta ti dákẹ́, wọ́n ti tú páànù orí rẹ̀ tà,
fóònù ń dún ní yàrá tí kò séèyàn.

Mo là á yé e, bí wọ́n ti kọ́ mi ní Coimbatore:
lọ́dún tí ẹ tà á, ẹ kà á mọ́ èrè,
ẹ san owó orí lórí owó tí ìka yín ò kàn.
Ìjọba ti jẹ nínú ọbẹ̀ tí ẹ̀yin ò tọ́ wò.
Òfin wá ní, bí ẹ bá pa á rẹ́ nínú ìwé lọ́dún yìí,
àwọn á yọ ọ́ kúrò nínú èrè ọdún yìí.
Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń béèrè ẹ̀rí:
òkú dà? Ta ló rí i? Ta ló pa ojú rẹ̀ dé?
Wọn ò béèrè mọ́.
Ìlà kan ni.
Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fà á,
kí aago méjìlá tó lù.

"Owó Sengodan ńkọ́?"
Àbúrò rẹ̀ ni. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà, owó iṣẹ́ abẹ kíndìnrín,
ìyẹn náà ò padà.
Mo mi orí. "Ìyẹn kì í ṣe òwò, Bàbá.
Kò bá èrè wọlé rí, kò lè bá èrè jáde."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.
"Òfin yín gbọ́n o.
Gbèsè àlejò lè kú,
ti ọmọ ìyá mi ni kó máa wà láàyè."

Ó dákẹ́. Ó tún ní:
"Bí Ouseph bá wá san lọ́la ńkọ́?"
"Á padà di èrè lọ́dún tó bá san án,
a ó sì san owó orí rẹ̀."
"Òkú ń jí nínú ìwé yín?"
"Ó ń jí, Bàbá. Òfin ti tẹ́ ẹní dè é."

Nígbà tí ìyá mi kú,
ọkọ̀ ojú irin òru ni Ouseph wọ̀ wá,
ó gbé odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé èjìká,
ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wa dalẹ́,
kò dárúkọ òwò lẹ́ẹ̀kan.
Bàbá mi ò sọ èyí lálẹ́ yẹn. Èmi ni mo rántí.

Ó ṣí gègé. Ó fa ìlà náà,
ó tọ́ gbọnrangandan, bí ẹni ń fi okùn wọn ilẹ̀.
Àtàǹpàkò rẹ̀ fi àmì pupa sílẹ̀ lórí iye owó.
Lẹ́yìn náà, ó wá pẹ́ńsùlù kiri nínú àpò ẹ̀wù,
ó sì kọ nọ́ńbà fóònù Ouseph,
tín-ín-tín,
sí etí ìwé, níbi tí òǹkà ò dé.

"Lọ sùn," ó ní.
"Àwọn tó ń wọn àpò á dé kílẹ̀ tó mọ́."